Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan: Ẹ Mú Àgbà Dání

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni kì í jẹ́ kí a rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti fi òwe yìí ṣe àwáwí. Nítorí pé owó kò tó láti kó ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbà pé ilé ni kí gbogbo ọmọ jókòó sí lásìkò ìsinmi. Bẹ́ẹ̀, ìlú tó wà nítòsí kún fún ohun tí ojú wọn kò tíì rí. Ìrìn-àjò ọjọ́ kan ṣoṣo tó, bí ẹni tó mọ ìtàn ibẹ̀ bá wà nínú ọkọ̀.

Ìbàdàn ni à ń gbé. Ìyá mi, tí àwọn ọmọ ń pè ní Màmá Àgbà, jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tí ìyá tirẹ̀ fi iṣẹ́ aró tọ́ dàgbà. Orúnkún ti ń dùn ún, kì í sì í jáde púpọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè ni pé bí ọlọ́jọ́ bá dé, ohun gbogbo tó mọ̀ lè bá a wọlẹ̀.

Láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ. Ọkọ mi ti yẹ táyà, bíréèkì àti epo inú ẹ́ńjìnnì wò láti ọjọ́ Ẹtì. Mo se mọ́ínmọ́ín, mo sì gbé omi tútù sínú kúlà. Ní àárọ̀ Sátidé, a gba Omi-Àdìó àti Bákàtàrí kọjá, a forí lé Ọdẹ́dá. Òfin kan ṣoṣo ni a ṣe: inú báàgì mi ni fóònù gbogbo wọn yóò wà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, àbíkẹ́yìn béèrè pé, "Màmá Àgbà, kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní Abẹ́òkúta?"

Ìbéèrè yẹn ló là á lóhùn. Ó sọ bí ogun ṣe tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, bí Ṣódẹkẹ́ ṣe kó wọn dé abẹ́ Òkúta Olúmọ ní 1830, àti bí wọ́n ṣe fi abẹ́ àpáta ṣe ilé. Nígbà tí a débẹ̀, òun kò gun òkè. Ó jókòó sábẹ́ òjìji. Àwọn ọmọ gùn ún, wọ́n rí kòtò tí àwọn ará ìgbà náà ti ń lọ nǹkan lórí àpáta, wọ́n sì sáré padà wá ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjà Ìtòkú, òun ló ṣíwájú. Ó fi ọwọ́ ra aṣọ, ó ń ṣàlàyé: èyí tí a fi iko dì ni àdìrẹ oníko; èyí tí a fi láfún yàwòrán sí, kí aró má baà ran ibẹ̀, ni ẹlẹ́kọ. Ó wá na ẹlẹ́kọ kan síta, ó ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí wọ́n rí. Àkọ́bí mi kígbe pé òpó Gbọ̀ngán Mápó ni! Orúkọ àrà náà ni Ìbàdàndùn. Nínú ìlú ìyá wọn àgbà ni wọ́n ti bá ìlú tiwọn pàdé lára aṣọ.

Ẹ̀yin òbí, kò dìgbà tí ẹ bá lówó rẹpẹtẹ. Ẹ yan ìlú tí ẹ lè lọ kí ẹ sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn de bẹ́líìtì. Ẹ fi ààyè iwájú sílẹ̀ fún àgbà, kí ẹ máa dúró kí ó lè na ẹsẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, àkọ́bí mi a máa lọ jókòó ti Màmá Àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Yorùbá rẹ̀ kò tíì já gaara, ṣùgbọ́n òun ni ó fi ń béèrè.