Òru Ẹgbẹ́dá àti òdòdó tí kì í sinmi

Nígbà tí Celeste Caeiro kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwòrán kan náà ni àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn tún gbé jáde: òdòdó pupa lẹ́nu ìbọn àwọn ṣọ́jà Pọ́túgà, ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1974. Òun ni òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ tó pín òdòdó fún àwọn ṣọ́jà ní Lisbon lọ́jọ́ tí ìjọba aninilára ṣubú. Ìyẹn ti di ìtàn. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni òdòdó náà fúnra rẹ̀. Carnation àtijọ́, ìgbà ooru nìkan ló ń tanná ní Yúróòpù. Báwo ló ṣe wá kún ọjà ní oṣù kẹrin?

Carnation àti àwọn ẹbí rẹ̀ kéékèèké ni àwọn onímọ̀ ń pè ní dianthus. Àwọn kan wà nínú wọn tí kì í ga, tí wọ́n ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀, tí òórùn wọn sì dà bíi ti kànáfùrù gẹ́lẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń tà fún àwọn ará ìlú òyìnbó pé kí wọ́n fi bo ilẹ̀ ọgbà, pé yóò máa tún tanná látìgbà dégbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Ẹgbẹ́dá tàbí Ọlọ́dó ní Ìbàdàn, tí gígé koríko ti sú, á bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí òun náà kò gbìn ín.

Ọ̀rọ̀ “tún tanná” yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbọ́. Kì í ṣe pé ọ̀mùnú kan ṣoṣo ń tanná lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀mùnú tó bá ti tanná ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò tún ní tanná mọ́ láéláé. Ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la òtútù kọjá. Gbogbo ọ̀mùnú tó bá la òtútù náà kọjá á rudi pa pọ̀, wọ́n á tanná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì di òtútù ọdún tó ń bọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Dalmais, ní ìlú Lyon, mú irú kan jáde tí kì í dúró de òtútù. Nínú tirẹ̀, ọ̀mùnú kọ̀ọ̀kan ń dàgbà lọ́tọ̀. Èyí tó bá ti ní ewé tó á rudi, nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń hù bọ̀ nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òdòdó fi wà lójoojúmọ́. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, Montagu Allwood ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ìran ti Dalmais, ó fi gba ẹ̀yà olóòórùn àtijọ́ lóyún, ó sì rí kékeré tó ń tún tanná. (Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn o. Láti nǹkan bí ọdún 1717 ni Thomas Fairchild ti pa carnation pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù.)

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí kò nílò òtútù mọ́, kí ló kù? Àwọn kan á ní gígùn ojúmọ́ ni. Garner àti Allard ní Amẹ́ríkà ló fi hàn ní ọdún 1920 pé gígùn ojúmọ́ àti òru ni ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n tanná. Àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ èyí láìsọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbin ewédú sí àkùrọ̀ ní oṣù kọkànlá mọ̀ pé kò ní ga kó tó máa so. Òru tó ti gùn díẹ̀ ló ń kán an lójú. Ìsápá náà ńkọ́? Bí ẹ bá gbìn ín ní oṣù karùn-ún, ìparí òjò ni yóò ṣì máa dúró dè. Ọ̀kà bàbà ilẹ̀ Hausa tún yà mí lẹ́nu jù: D. L. Curtis kọ ọ́ ní ọdún 1968 pé ìgbà tí ẹ̀yà ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yọrí bá ìgbà tí òjò ń dá ní agbègbè rẹ̀ mu. Ẹ sì wò ó, ní Ẹgbẹ́dá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù láàárín ọdún kò pé wákàtí kan.

Ti dianthus yàtọ̀ sí èyí: ojúmọ́ gígùn ló ń mú un yá. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Bogotá ní Kòlóḿbíà àti Naivasha ní Kẹ́ńyà ń gbin carnation lọ rẹpẹtẹ, ojúmọ́ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Òkè ni wọ́n wà: Bogotá ga tó mítà 2,600, Naivasha sún mọ́ 1,900. Òru wọn ló yàtọ̀. Lọ́sàn-án, ewé ń fi oòrùn ṣe ṣúgà. Lóru, ohun ọ̀gbìn ń jẹ nínú rẹ̀ láti mí, bí òru bá sì ṣe móoru tó ló ṣe ń jẹ tó. Dianthus tó sùn sínú òru Ìbàdàn, tí kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 20 lọ, dà bí alájàpá tí owó oúnjẹ alẹ́ gbé èrè ọjà mì. Ọ̀mùnú á tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó á kéré, ìrudi míì á sì gbẹ kó tó là.

Ilẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ máa ń dárúkọ jù lọ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ń jẹ́ Ẹgbẹ́dá: yanrìn díẹ̀ lókè, òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà amọ̀. Kòkó fẹ́ràn amọ̀ yẹn nítorí omi tó ń gbà dúró. Ohun tó ń pa dianthus nìyẹn gan-an. Ewé rẹ̀ tó fún pọ̀ mọ́lẹ̀ kò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, tí òjò oṣù kẹfà bá sì rọ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ kan, àárín rẹ̀ á rà, etí rẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́kù.

Òórùn ńkọ́? Eugenol wà lára èròjà tó ń mú un ta sánsán, òun kan náà ló wà nínú kànáfùrù, ó sì wà nínú àwọn efinrin kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀yà tó gba ooru dáadáa, ìran dianthus ilẹ̀ Ṣáínà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ta sánsán, èyí tó ń ta sánsán ni kò sì fẹ́ ooru.

Lójú tèmi, kò lè di ìbolẹ̀ ọlọ́dọọdún ní Ẹgbẹ́dá. Àmọ́ mo rò pé ó lè ṣe òdòdó ìgbà ọyẹ́: kí ẹ gbin hóró rẹ̀ sínú báàfù lábẹ́ òrùlé ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kí ẹ ṣí i lọ sórí ebè gíga tí ẹ ti po òkúta wẹ́wẹ́ àti eérú díẹ̀ mọ́ nígbà tí òjò bá dá, kí ẹ sì máa gé èyí tó bá rọ dé ibi tí ọ̀mùnú tuntun ti ń yọ, kó má baà máa so. Kí ẹ má bomi sí i lórí. Tó bá jẹ́ inú láílọ́ọ̀nù dúdú lẹ́bàá títì lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kó sì jẹ́ àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú.