Ìyẹ̀ Igi, Ẹ̀dá Àìfojúrí àti Epo Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Igbó Gúúsù Èkìtì

Iyán tí a mọ̀ mọ́ Èkìtì àti pákó tí a fi ń kan òrùlé jẹ́ ọmọ ìyá kan náà lójú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣúgà kan náà, tí à ń pè ní gúlúkóòsì, ló pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀nà tí a gbà so ẹyọ ṣúgà náà pọ̀ ni ó yàtọ̀. Ìso ti inú iṣu dẹ̀, ikùn ènìyàn lè tú u. Ìso ti inú igi le, ikùn wa kò lè tú u. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ a lè rí ẹni bá wa tú ìso náà, kí ìyẹ̀ igi tí ń kó jọ ní àwọn sọ́míìlì Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré lè di epo tí ọkọ̀ ń lò?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí igi jẹ́. Nínú 100 kílò igi gbígbẹ, nǹkan bí 40 sí 50 kílò ni sẹ́lúlóòsì, èyí tí í ṣe okùn gúlúkóòsì tí mo wí. Nǹkan bí 20 sí 35 kílò ni hẹmisẹ́lúlóòsì, tí ó ní ṣúgà mìíràn tí a mọ̀ sí sáílóòsì nínú. Nǹkan bí 15 sí 30 kílò ni lígínìnì, èyí tí kì í ṣe ṣúgà rárá. Lígínìnì ni ó dà bí sìmẹ́ńtì láàárín àwọn okùn náà. Òun ni kì í jẹ́ kí nǹkan tètè ráyè wọ inú igi.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun kan wà tí ń jẹ igi. Ìyẹ̀rosùn tí babaláwo ń tẹ̀ lórí ọpọ́n, iṣẹ́ ikán lára igi ìrosùn ni. Ṣùgbọ́n ikán nìkan kọ́ ló ń dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀dá àìfojúrí ń gbé inú ikùn ikán, wọ́n sì ń bá a tú igi. Àwọn ikán kan tí ń mọ ògán tilẹ̀ ń dáko olú sínú ilé wọn, kí olú náà lè bá wọn sọ igi di ohun tó rọ̀. Olú tí à ń ṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògán nígbà òjò, láti inú oko bẹ́ẹ̀ ló ti yọ.

Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni ó ṣí ilẹ̀kùn ìmọ̀ yìí fún àwọn onímọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àgọ́ àti aṣọ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń jẹrà kíákíá ní erékùṣù Solomon. Elwyn Reese àti Mary Mandels ṣe ìwádìí ẹ̀dá tó ń jẹ ẹ́ ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ní Natick. Ẹ̀dá kékeré kan ni, tí ó jọ èyí tí ń mú kí búrẹ́dì bu. Ní 1977 ni a fi orúkọ Reese sọ ọ́ ní Trichoderma reesei. Ẹ́ńsáìmù tí ó ń tú jáde ń gé okùn sẹ́lúlóòsì di gúlúkóòsì. Ọ̀tá aṣọ wá di òṣìṣẹ́ fún ọmọ aráyé.

Bí gúlúkóòsì bá ti jáde, iṣẹ́ tó kù kò ṣàjèjì sí wa. Ìwúkàrà tí ń mú ẹmu ọ̀pẹ kan ni yóò sọ ọ́ di ọtí. Àwọn tí ń se ògógóró sì mọ bí a ti ń fi iná yọ ọtí náà kúrò lára omi. Nínú 100 kílò gúlúkóòsì, ọtí tí a lè rí kò lè ju 51 kílò lọ. Ìyókù yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìṣòro kan wà: ìwúkàrà kì í jẹ sáílóòsì. Ní 1991, Lonnie Ingram àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Florida gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí wọ́n fi yanjú rẹ̀. Wọ́n mú jíìnì láti ara Zymomonas mobilis, bakitéríà tí irú rẹ̀ ń gbé inú ẹmu ọ̀pẹ, wọ́n fi í sínú bakitéríà mìíràn tí ń jẹ ṣúgà méjèèjì.

Èé ṣe tí epo yìí kò fi tíì kún ọjà? Lígínìnì ni. A ní láti fi ooru, ásíìdì tàbí ákálì tú u kí ẹ́ńsáìmù tó ráyè wọlé, owó kékeré kọ́ sì ni èyí ń ná ni. Ilé iṣẹ́ ńlá tí a ṣí ní Crescentino ní Ítálì ní 2013, àti èyí tí DuPont ṣí ní ìlú Nevada ní ìpínlẹ̀ Iowa ní 2015, pòròpórò àti koríko tó rọ̀ ju igi lọ ni wọ́n ń lò. Síbẹ̀, iṣẹ́ dúró níbi méjèèjì ní 2017. Ti Crescentino tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 lábẹ́ olówó mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní epo igi yóò sọ wá di olówó lọ́la kò sọ òótọ́.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a kọ́ ìmọ̀ náà. Ìlànà epo tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007 fojú sí ẹ̀gẹ́ àti ìrèké, ó sì ní kí a máa da ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọtí yìí pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ni gàrí wa. Bí ọkọ̀ bá ń bá ọmọ du gàrí, a mọ ẹni tí ebi yóò pa. Ìyẹ̀ igi kì í ṣe oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ ni pé àwọn obìnrin kan ń fi í dáná, àwọn olùsìn adìẹ sì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún adìẹ. A gbọ́dọ̀ yọ tiwọn sílẹ̀ ná, kí a tó ka ìyókù sí ohun tí a lè lò.

Ewu tó tóbi jù wà níhìn-ín. Bí ìyẹ̀ bá di owó, ìtì igi náà yóò di owó. Igbó ọba tó wà ní Ìsẹ̀ wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣì kù sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Òfin àkọ́kọ́ wa ni pé ìyẹ̀ àti èèpo tó jáde lára igi tí a ti là fún iṣẹ́ mìíràn ni a óò lò. A kì yóò gé igi kankan nítorí epo. Èkejì ni pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí, bí yunifásítì Bamidele Olumilua ní Ìkẹ́rẹ́ àti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, kọ́kọ́ wádìí irú olú àti bakitéríà tí ń jẹ arère àti afàrà rà nínú igbó wa, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé iṣẹ́.

Inú ìtì igi tó wó nínú igbó yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ tí à ń wá ń gbé. Bí a bá pa igbó náà run kí a tó mọ orúkọ wọn, a ti lé olùkọ́ lọ kí a tó kọ́ ẹ̀kọ́.