Wọ́n ní 'brain box' mọ́tò ti kú: Ohun tó yẹ kí onímọ́tò Ẹdẹ mọ̀ kó tó náwó

Nígbà kan, bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, pulọ́ọ̀gì àti kabúrẹ́tọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì Ẹdẹ máa ń kọ́kọ́ tú wò. Ní báyìí, ohun tí onímọ́tò sábà máa ń gbọ́ ni pé 'brain box' ló kú. Owó ńlá ló sì máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó lè gba pé kí wọ́n ránṣẹ́ lọ sọ́jà Ládípọ̀, ní Mushin, l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà iná àlòkù kì í gbà á padà.

Kọ̀ǹpútà ni brain box. Òun ló ń gba ìròyìn bí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ṣe pọ̀ tó àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, tó sì ń pinnu iye epo tó máa wọlé àti ìgbà tí pulọ́ọ̀gì máa tanná.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n ní ó kú ló kú lóòótọ́. Fíúsì tó jó, bátìrì tó rẹ̀ tàbí wáyà tó já níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara mọ́tò lè fa irú ìyọnu kan náà. Riwáyà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wò ó bóyá iná ń dé inú brain box. Bó bá sì jó lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó wá ohun tó jó o. Bó bá jẹ́ kọ́ìlì kan ló bà á jẹ́, tí wọn ò pààrọ̀ kọ́ìlì náà, tuntun tí wọ́n bá fi síbẹ̀ á tún jó. Wẹ́dà tó jó ara mọ́tò láì tú orí bátìrì náà lè bà á jẹ́.

Àwọn tó ń lo tòkúnbọ̀ Corolla gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju àwọn yòókù lọ. Lóṣù kẹjọ, ọdún 2010, iléeṣẹ́ Toyota pe Corolla àti Matrix ọdún 2005 sí 2008 padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.13, torí pé brain box wọn lè ní àbùkù tó lè mú kí ẹ́ńjìnnì kú lórí ìrìn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá wọn tún un ṣe lọ́hùn-ún. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ra àlòkù tí wọ́n tú lára irú Corolla bẹ́ẹ̀ lè fi aláìsàn rọ́pò òkú.

Nọ́ńbà ara rẹ̀ ló ṣe kókó nígbà tí wọ́n bá ń rà á. Ti Toyota sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661, ìyókù nọ́ńbà náà sì gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Kí wọ́n tú orí bátìrì kí wọ́n tó fà á yọ.

Mọ́tò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ṣíìpù lè má gbà láti ṣiṣẹ́ títí kọ́kọ́rọ́ àti brain box yóò fi mọ ara wọn. Nínú àwọn Toyota kan, wọ́n á fi wáyà so ojú kẹrin pọ̀ mọ́ ìkẹtàlá níbi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀, wọ́n á ṣí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn mìíràn ń fẹ́ kí wọ́n da ohun tó wà nínú èyí tó kú sínú tuntun, nítorí náà kí onímọ́tò má ṣe fi èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.