Àkókò Ni Akọ̀ròyìn Ń Wá

Akọ̀ròyìn tó gbọ́dọ̀ mú ìròyìn mẹ́ta wálé kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí ìjọba bá sọ ni yóò kọ sílẹ̀. Kò ráyè dé ilé ìwòsàn tí kọmíṣọ́nnà ní àwọn ti kọ́ parí, kó lọ wò ó bóyá ó tilẹ̀ lórùlé. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ sikọ́láṣíìpù àti felóṣíìpù àwọn oníròyìn fi kan àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn, tí a sì ń gbọ́ rédíò, bó ṣe kan àwọn tí wọ́n ń gba owó náà. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀nà àtilọ sókè òkun lásán ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí owó yìí ń rà fún akọ̀ròyìn ni àkókò, àkókò sì ni iléeṣẹ́ ìròyìn kì í fẹ́ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn. Ní 1936, Agnes Wahl Nieman kú ní Amẹ́ríkà. Ọkọ rẹ̀ tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ ló dá ìwé ìròyìn Milwaukee Journal sílẹ̀. Ìyá yìí fi owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀ fún Yunifásítì Harvard, ó ní kí wọ́n fi gbé iṣẹ́ ìròyìn ga. Wọn ìbá fi owó náà kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n James Bryant Conant, ààrẹ yunifásítì náà, gba ọ̀nà mìíràn. Akọ̀ròyìn mẹ́sàn-án tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ló pè wá ní 1938, kí wọ́n wá fi ọdún ẹ̀kọ́ kan kọ́ ohun tó bá wù wọ́n, ìbáà ṣe òfin, ìtàn tàbí ètò ọrọ̀ ajé. Wọn kò fún wọn ní oyè kankan. Títí di òní, ẹni tó bá wọ ètò náà ní láti pa iṣẹ́ ìròyìn tì títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi pé. Ètò náà ní àbùkù tirẹ̀ o: ó di 1945 kí obìnrin tó ráyè wọ ibẹ̀, ó di 1946 kí aláwọ̀ dúdú tó wọlé. Síbẹ̀, èrò tó wà nídìí rẹ̀ múná dóko débi pé Stanford àti Michigan ṣe tiwọn, ti Reuters sì bẹ̀rẹ̀ ní Oxford ní 1983.

Ta ni ó ti ṣe láǹfààní nínú àwa Yorùbá? Dele Olojede, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Newswatch pẹ̀lú Dele Giwa, ẹni tí bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa ní October 1986. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, owó Ford Foundation gbé Olojede lọ sí Yunifásítì Columbia. Láti ibẹ̀ ló ti wọ iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Newsday. Nígbà ìpakúpa Rwanda ní 1994, ìbò South Africa ló ń kọ ìròyìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó lọ bá àwọn tó ṣẹ́kù ní Rwanda. Ọ̀kan nínú ohun tó kọ dá lórí ìyá kan tó ń tọ́ ọmọ tó lóyún rẹ̀ nípasẹ̀ ìfipábánilòpọ̀ nígbà ìpakúpa náà. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í la ẹnu rẹ̀ fún ẹni tó ń sáré. Iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2005. Ọkùnrin náà sì padà wálé, ó dá ìwé ìròyìn NEXT sílẹ̀ ní Èkó. Ní January 2010, nígbà tí ìjọba ń fi àìsàn Ààrẹ Yar'Adua pamọ́, NEXT ló kọ ọ́ pé àìsàn náà ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Àwọn kan yóò ní ẹyọ kan péré nìyẹn, pé àwọn tó lọ tí wọn kò padà ló pọ̀ jù. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dá felóṣíìpù lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ní 1964, Harvard fún Nat Nakasa láàyè, ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn tó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn Drum ní Johannesburg. Ìjọba apartheid kọ̀ láti fún un ní pásípọ́ọ̀tù. Ìwé pé kó máa lọ, kó má sì padà mọ́, ni wọ́n fún un. Ó gbà á, ó lọ. Ní July 1965, ó já bọ́ láti òkè ilé gíga kan ní New York, ó sì kú, ẹni ọdún 28. Ó di 2014 kí wọ́n tó gbé egungun rẹ̀ padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ìjọba tirẹ̀ ló sọ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ di ìgbèkùn fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, owó oṣù tí kì í wọlé ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Sikọ́láṣíìpù Chevening ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dandan lé e pé kí ẹni tó bá jàǹfààní rẹ̀ padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń sanwó ló lè mú kí èèyàn dúró lẹ́yìn ọdún méjì yẹn.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú mi: ẹni tó ń fúnni lówó lè fẹ́ darí ọwọ́ tó ń kọ̀wé. Kò sí ẹni tó lè sẹ́ ewu náà. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Akọ̀ròyìn tí kò gba owó oṣù, ẹ̀gúnjẹ tí wọ́n ń há fún wọn níbi ìpàdé oníròyìn ti ń darí rẹ̀ ná. Ó kéré tán, a mọ ẹni tó ni owó felóṣíìpù, a sì lè bi í ní ìbéèrè. Ǹjẹ́ ó ń yan ohun tí wọn yóò kọ? Ṣé ó ń ka ìròyìn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde? Bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí akọ̀ròyìn yéé gbà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé ìròyìn nínú ọgbà yunifásítì ló yẹ kó tètè kọ́ bí a ṣe ń bi olówó ní ìbéèrè, nítorí àwọn ni gbájú-ẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní olówó felóṣíìpù ń dọdẹ. Felóṣíìpù Harvard àti Chevening kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ̀wé béèrè. Ìwé tó ṣàlàyé ohun tí èèyàn fẹ́ kọ́, iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn àti ẹ̀rí àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹni tó bá ní ká san owó fọ́ọ̀mù kí a tó wọlé, ẹ fura sí i.

Èyí tó dùn mí jù ni ti èdè. Abẹ́òkúta ni Ìwé Ìròyìn ti jáde ní 1859, ní èdè Yorùbá. Nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ti Isaac Thomas ni lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, ìtàn àròsọ Yorùbá, ti ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó tó di ìwé ní 1930. Síbẹ̀, ẹni tó ń ka ìròyìn Yorùbá lórí rédíò lónìí ní láti fi Gẹ̀ẹ́sì já fáfá kó tó lè dé ẹnu ọ̀nà àwọn ètò ńlá tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Akọ̀ròyìn tí àwọn àgbẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láràárọ̀ wà lẹ́yìn odi. A kò gbọdọ̀ dúró de Amẹ́ríkà kí a tó tún èyí ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní London àti Houston ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Mo sì gbà pé owó oṣù mẹ́fà akọ̀ròyìn rédíò kan kò tó èyí tí ẹgbẹ́ mìíràn ń ná sórí àpèjẹ alẹ́ kan. Oṣù mẹ́fà tó fún akọ̀ròyìn láti tọpa omi odò Ọ̀ṣun láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kó gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, kó dúró gba èsì, kó sì fi èdè àwọn tó ń bu omi náà ṣàlàyé èsì fún wọn. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó jẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn fi Yorùbá kọ ìwé ìbéèrè, kí ó sì fi olóòtú tó ti fi Yorùbá ṣiṣẹ́ ṣe adájọ́ wọn.