Ọjọ́ Kan Lórí Òkè Shai

Bí ìdílé kan bá jáde nílé ní Accra láàárọ̀ Sátidé, tí wọ́n gba ọ̀nà Akosombo, kò ní pẹ́ tí òkè Shai yóò fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àpáta gàgàrà láàárín pápá tó tẹ́ rẹrẹ. Kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Ẹ tètè jáde o, torí oòrùn ibẹ̀ kì í fi ọmọdé ṣeré. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Àwọn ọ̀bọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí imú wọn gùn bíi ti ajá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ ọmọ yín ti di tiwọn nìyẹn.

Ọmọ tó bá ti kà nípa àwọn ẹ̀dá àtijọ́ tó di òkúta yóò fẹ́ máa yẹ gbogbo òkúta wò bó ṣe ń gòkè. Ẹ tètè sọ fún un pé kò ní rí i níbẹ̀. Àpáta Shai ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún rí, ooru sè é, ìwúwo ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́, títí tó fi yí padà pátápátá ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kò sí ìkarahun tó lè la irú rẹ̀ já. Orúkọ Dahomey ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi pe irú àpáta yìí, nítorí ó gba Togo kọjá dé ilẹ̀ Benin.

Ohun tí ọmọ náà ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà. Etí òkun Accra tó ti kúrò láàárọ̀ ni àpáta tó ní irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wà. Ní 1963, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Saul, Boucot àti Finks, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ẹ̀dá òkun inú rẹ̀, títí kan irú ìgbín kan. Wọ́n ti lé ní 350 mílíọ̀nù ọdún. Mélòó nínú àwọn tó ń gbafẹ́ létíkun ló mọ̀?

Ṣùgbọ́n òkè Shai ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé amọ̀nà wọ inú ihò àpáta, níbi tí àdán ti gba ilé. Àwọn ará Shai, tí ń sọ èdè Dangme, gbé orí òkè yìí fún ọ̀pọ̀ ìran. Àpáta yìí ni odi wọn nígbà ogun, ihò kan sì jẹ́ ààfin ọba wọn. Àwọn obìnrin wọn mọ ìkòkò dáadáa, àpáàdì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ dòní. Kí ọmọ wò ó, kó má fi sápò.

Ní 1892 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé wọn sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi ilé àti ojúbọ sílẹ̀, wọ́n lọ tẹ̀dó sí Dodowa, Doryumu àti àwọn ìlú mìíràn nísàlẹ̀. Òkè náà di igbó ọba. Ìdílé Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Ghana, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa sì fi ṣọ́ọ̀bù àti ọjà sílẹ̀. Bí ìyá àgbà tó rántí bá wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fáwọn ọmọ lẹ́nu ihò náà.

Lọ́dọọdún, àwọn ará Shai ṣì ń gun òkè náà lọ ṣe ètùtù. Bí amọ̀nà bá sọ pé kí ẹ má gba ọ̀nà kan, ẹ má bá a jiyàn. Ó lè jẹ́ ojúbọ wọn ló wà níwájú.