Kíláàsì Tútù Láìsí Amúlétutù

Ní abúlé Gando, ní ilẹ̀ Burkina Faso, ooru ẹ̀ẹ̀rùn lè dé 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sí iná mànàmáná lábúlé náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn. Síbẹ̀, ọmọ tó bá wọ kíláàsì lọ́sàn-án gangan á mọ̀ pé ara tu òun. Kì í ṣe fáànù, kì í ṣe amúlétutù. Bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà ló ń ṣiṣẹ́.

Diébédo Francis Kéré ló ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ Gando ni, baálẹ̀ abúlé sì ni bàbá tó bí i lọ́dún 1965. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán lọ sílé ìwé níbẹ̀, àmọ́ Gando kò ní ilé ìwé, nítorí náà ọmọ ọdún méje péré ni nígbà tó fi ilé sílẹ̀ lọ kàwé nílùú mìíràn. Kíláàsì tó bá lọ́hùn-ún móoru gidigidi, àwọn ọmọ tó há sínú rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 1985, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Jámánì. Nígbà tó yá, ó wọ yunifásítì ní Berlin, ó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Kò tíì jáde tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó kiri kí abúlé rẹ̀ lè ní ilé ìwé tirẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọ́kọ́ le. Nígbà tó sọ pé amọ̀ lòun máa fi kọ́ ọ, àwọn ará ilé ò gbà. Wọ́n ti rí ilé amọ̀ tí òjò wó lójú wọn, wọ́n sì retí pé ẹni tó dé láti Yúróòpù á fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé fún wọn. Kéré fi sùúrù ṣàlàyé. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ amọ̀ náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó ki, ó di bíríkì. Wọ́n sì jẹ́ kí páànù yọ kọjá ògiri dáadáa, kí òjò má bàa máa na amọ̀.

Orí òrùlé ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwé, orí ògiri ni páànù máa ń jókòó lé. Oòrùn á pa á títí á fi gbóná janjan, ooru rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀ sára àwọn ọmọ. Ní Gando, síìlìn ló kọ́kọ́ bo kíláàsì: wọ́n tẹ́ irin rọ́ọ̀dù, wọ́n to bíríkì lé e, wọ́n sì fi àlàfo sáàárín bíríkì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi irin tín-ínrín tí wọ́n jó pọ̀ gbé páànù sókè, tó wá dúró bí agboòrùn lórí ilé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òkè ló máa ń gbà. Ó ń gba àlàfo síìlìn jáde, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lábẹ́ páànù á gbá a lọ, èyí tó tutù á sì gba ojú fèrèsé wọlé.

Àwọn ará abúlé ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Àwọn ọmọdé gbé òkúta wá, àwọn obìnrin lu ilẹ̀ títí ó fi dán. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé irin ńlá, nítorí náà ayùn ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìjórin kékeré ni wọ́n fi ṣe òrùlé, àwọn ọ̀dọ́ sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Kéré ya àwòrán ilé ìkàwé fún wọn lẹ́yìn náà, ìkòkò amọ̀ táwọn obìnrin ń mọ lábúlé ló ní kí wọ́n gé lórí gé nídìí, kí wọ́n tò sínú síìlìn, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé, kí ooru sì gba ibẹ̀ jáde. Ilé ìwé náà gba Ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ yíya àwòrán ilé lọ́dún 2004. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kúrò ní 120, wọ́n di 700. Lọ́dún 2022, Kéré di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó lókìkí jù láàárín àwọn ayàwòrán ilé.

Ooru kíláàsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 yẹ èsì ìdánwò nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ó hàn pé bí ooru ọdún kan bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀kọ́ tó ń wọ àwọn ọmọ lórí ń dín kù tó, àgàgà níbi tí kò bá sí amúlétutù. Afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan náà ní ewu tirẹ̀: oorun á máa kun àwọn ọmọ, ikọ́ ẹnì kan á sì tètè ràn wọ́n.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní irú ọgbọ́n yìí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ògiri oníhò ṣe ọ̀pọ̀ ilé kí atẹ́gùn lè máa là á kọjá. Ní Ilé-Ifẹ̀, Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì, ya àwọn ilé tí àjà òkè wọn yọ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ṣíji bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ a ò lè gbé Gando wá sí Èkó bó ṣe wà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni tiwọn: òru máa ń tutù, ògiri amọ̀ tó nípọn á sì tọ́jú òtútù yẹn di ọ̀sán. Níhìn-ín, òru gan-an ń móoru, ọ̀rinrin sì pọ̀. Atẹ́gùn tó ń wọlé níhà kan, tó ń jáde níhà kejì, ló ṣe pàtàkì jù fún wa.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tó ń dáwó kíláàsì tuntun yẹ àwòrán wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má wọlé tààrà. Kí fèrèsé ńlá wà lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Kí páànù ga, kó yọ síta, kí ooru rí ọ̀nà jáde lábẹ́ rẹ̀. Bí ilé bá tutù fúnra rẹ̀, sólà díẹ̀ á tó fún gílóòbù àti fáànù. Èyí tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ náà ṣeé tún ṣe: kí wọ́n kun páànù ní funfun, kí wọ́n fọ́ ihò atẹ́gùn sí òkè ògiri, kí wọ́n sì gbin igi síhà ìwọ̀-oòrùn kí ọdún ìwé tuntun tó bẹ̀rẹ̀.