Ta Ló Ni Nọ́ńbà Ilé-Iṣẹ́ Yín?

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Abẹ́òkúta ni kò ní fóònù tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ gan-an. Nọ́ńbà ọ̀gá ló wà lára pátákó ìta, ti akọ̀wé ló wà lórí rìsíìtì, ti ẹni tó ń gbé ọjà fún oníbàárà ló sì wà lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó di síìmù rẹ̀ mú, àwọn oníbàárà sì ń pè é lọ níbi tó bá wà. Ìṣòro yìí gan-an ni fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì wúlò fún jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpè olówó pọ́ọ́kú ni àwọn tó ń tà á máa ń pariwo.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ̀rọ á gé ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì á kó o lọ, ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọ́ á sì tún un tò pọ̀. Ilé-iṣẹ́ VocalTec ní Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 1995. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kí oníṣòwò kékeré dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Mark Spencer, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan. Ní 1999, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì rí owó ra ẹ̀rọ tó ń pín ìpè fún òṣìṣẹ́. Ló bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, ó pè é ní Asterisk, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lónìí.

Pẹ̀lú fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ á ní. Ó lè dún lórí tábìlì, lórí kọ̀ǹpútà, àti lórí fóònù alágbèéká òṣìṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá kúrò, ọ̀gá á yọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà á sì wà níbi tó wà.

Ìbẹ̀rù dátà ló máa ń kọ́kọ́ dé bá èèyàn, bẹ́ẹ̀ òun ló kéré jù. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan, tí ohùn sì já gaara, kò ju nǹkan bí 80 MB lọ. Kí íntánẹ́ẹ̀tì má ṣe ségesège ló ṣòro. Àjọ ITU, tó ń ṣètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, dámọ̀ràn pé kí ohùn má pẹ́ lọ́nà ju 150 mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdì lọ, èyí tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá fi púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì á máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Sátẹ́láìtì àtijọ́, tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, kò lè dé ìwọ̀n yìí. Ti Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023, wà ní nǹkan bí 550 kìlómítà, ó sì lè ṣe é.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé níbo ni kọ̀ǹpútà tó ń pín ìpè wà. Bó bá jẹ́ Yúróòpù, ìpè láti Bódìjà sí Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn á kọ́kọ́ gba abẹ́ òkun lọ kó tó padà wálé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà sì ṣe ọjọ́ púpọ̀ láìrí íntánẹ́ẹ̀tì tó dáa lò.

Iná ńkọ́? Ráótà kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì kékeré lè gbé e fún wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ìpè á yà sí fóònù alágbèéká fúnra rẹ̀ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú. Ètò tí kò bá lè ṣe èyí, ẹ má rà á.

Ní ti owó, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gba dọ́là lóṣooṣù. Gbogbo wa la mọ bí iye náírà ṣe já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023. Ẹ sì ní kí wọ́n ti ìpè sí ilẹ̀ òkèèrè pa, àfi èyí tí ẹ bá nílò. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn láti jí ọ̀rọ̀ aṣínà, kí wọ́n fi òpin ọ̀sẹ̀ pe òkèèrè, kí oníṣọ́ọ̀bù wá bá gbèsè lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ilé-iṣẹ́ ẹni méjì kò nílò gbogbo èyí. Síìmù tí wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú WhatsApp Business, ti tó.

Ní ti àwọn ọmọ Yorùbá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham àti káàkiri Britain, ọ̀ranyàn ni fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2027 ni wọ́n dá láti pa okùn tẹlifóònù àtijọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ káàdì àti ẹ̀rọ adíolè tó bá wà lórí okùn yẹn á dákẹ́. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ fóònù yín báyìí, ẹ má sì fagi lé okùn àtijọ́ kí nọ́ńbà yín tó kọjá sórí tuntun, torí nọ́ńbà tó bá sọnù báyẹn lè má ṣeé gbà padà.